Lọ́kà Tí Wọ́n Fi Ísáàlì Fọ̀

Òórùn ísáàlì ló máa ń kọ́kọ́ dé bí mo bá rántí kíláàsì yẹn. Kì í ṣe òórùn ẹfun ìkọ̀wé, kì í ṣe òórùn òógùn àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí pápá wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti òdòdó kajú tí atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń gbé wá láti oko ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Ísáàlì ni, oògùn ìfọlé tó máa ń funfun bí ògì bí wọ́n bá ti dà á sómi, tó máa ń ta ènìyàn lọ́fun. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé ìwòsàn tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, itọ́ á kún mi lẹ́nu. Àwọn ènìyàn rò pé ìdọ̀tí ni mo kórìíra. Ìmọ́tótó ni mo kórìíra, irú ìmọ́tótó kan báyìí. Mo fẹ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ, nítorí olùkọ́ ni ìwọ náà, o ti dúró níwájú ọmọ rí, ó ṣeé ṣe kí ó yé ọ.

Ó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Ẹ̀rù ló ń darí mi. Ní ọdún tó ṣáájú, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ wa dúró bí mo ṣe ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ abúlé tí mo ti ń kọ́ni, wọ́n sì kó wa wọgbó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. N kò ní sọ nípa ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn níbí, n kì í sọ ọ́ níbikíbi. Ọjọ́ kẹwàá ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n gbé mi dé ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Kabba, mo jókòó sórí àga ní pálọ̀, àwọn ará àdúgbò ń wọlé, wọ́n ń kí mi, "Okun o! Okun o!", àwọn mìíràn ń sunkún. Mo dìde lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú korobá àti àkísà, ó ń fi ísáàlì fọ àga tí mo jókòó lé. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ má bínú o, Àǹtí. Nítorí kòkòrò ni."

Mo ní, "O ṣeun." Ìyẹn ni mo sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yan ibi tí mo máa jókòó. Igun ilé ni. Ẹ̀yìn mi gbọ́dọ̀ kan ògiri, ojú mi gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn ni. Nígbà tí wọ́n ṣàánú mi, tí wọ́n gbé mi kúrò ní abúlé wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan nínú ìlú Kabba, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wọ́ tábìlì mi lọ sí igun kíláàsì. Èmi ni mo ra pákó tábìlì yẹn, èmi ni mo gbé e fún káfíńtà, nítorí ilé ẹ̀kọ́ kò ní tábìlì fún olùkọ́ tuntun. Mo to àwọn ọmọ JSS 2 sí ìlà mẹ́fà tó gún bí aporo. Láti igun mi, mo lè rí ọwọ́ gbogbo ọmọ àti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń kọ́ wọn, èmi tí n kò lè dé oko mọ́. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà náà ni pirinsípà wa lọ sí ìpàdé kan ní Lọ́kọ́ja, tó sì gbé ọ̀nà ìkọ́ni tuntun bọ̀. Ó ní kí a tú ìlà ká. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ kojú síra wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà, kí wọ́n jọ máa jíròrò, kí olùkọ́ máa rìn láàrin wọn. Àwọn olùbẹ̀wò máa wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Màdáámù, kíláàsì tiyín ni mo máa mú wọn lọ," ló sọ fún mi. "Tiyín ló mọ́ jù."

Ohun kan wà nípa ilé ẹ̀kọ́ wa tó yẹ kí o mọ̀. Bí ọmọ bá ń bọ̀ ní JSS 1, bàbá rẹ̀ ló máa kan lọ́kà àti àga fún un. Káfíńtà á fi ọ̀dà kọ orúkọ ọmọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ á sì máa lò ó títí yóò fi jáde. O lè mọ ilé tí ọmọ ti wá láti ara lọ́kà rẹ̀. Ti ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba á ní kọ́kọ́rọ́. Ti ọmọ àgbẹ̀ á jẹ́ pákó tí wọn kò fá dáadáa, tó ń gún ọmọ lápá. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n fi pákó àpótí ọtí kan tiẹ̀, bí ó bá ń kọ̀wé, lọ́kà náà á máa mì, àwọn yòókù á sì máa fi ṣe ẹlẹ́yà. Kò sí ẹni tó kọ òfin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ló mọ̀ ọ́n: ẹnìkan kì í jókòó sídìí lọ́kà ẹlòmíràn.

Lọ́kà mẹ́rìndínlógójì ló wà ní kíláàsì mi. Ọmọ mẹ́tàdínlógójì ló sì wà níbẹ̀.

Ẹni kẹtàdínlógójì ni ọmọbìnrin kan tó dé láti apá Bùnú pẹ̀lú ìyá ìyá rẹ̀. Àwọn agbébọn ti lé gbogbo ará abúlé wọn, orí ilẹ̀ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni àwọn méjèèjì sì ń sùn. Kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Orí búlọ́ọ̀kù méjì tí wọ́n tẹ́ pákó lé ló ń jókòó sí, lẹ́yìn pátápátá, ó ń kọ̀wé lórí itan rẹ̀. Làpálàpá wà lọ́rùn rẹ̀, èéfín igi sì ń rùn lára aṣọ rẹ̀, nítorí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo náà ló fi ń bá ìyá àgbà dáná. N kò ní purọ́ fún ọ, èmi náà gbọ́ òórùn náà. Mo mọ̀ ọ́n. Òórùn tó wà lára mi ní ọjọ́ kẹwàá ni.

Ní ọ̀sán Ẹtì, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ, mo tú ìlà mi ká. Iṣẹ́ ńlá ni, o mọ̀ ọ́n. Mo ya gbogbo rẹ̀ sórí káádíbọ́ọ̀dù. Àwọn tó máa ń jà kò gbọ́dọ̀ wà pọ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà gbọ́dọ̀ sún mọ́ pátákó, ẹni tó mọ̀wé gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́kà wá ga jura lọ. Bí o bá so gíga pọ̀ mọ́ kúkúrú, ojú rẹ̀ á ṣe gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ìwé á máa yọ́ bọ́ sílẹ̀. Mo fi okùn wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti ọmọ Bùnú, lọ́kà kan ṣoṣo, tòun ti àga rẹ̀, ló fẹ̀ tó ènìyàn méjì, ti ọmọ oníṣòwò kan tó ń ta páànù àti sìmẹ́ńtì. Igi gidi ni, ó ń dán bíi pósí olówó. Mo fi ọmọ Bùnú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo rò pé lọ́kà ni mo ń tò, n kò mọ̀ pé àwọn bàbá ọmọ ni mo ń tò.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n jókòó bí mo ṣe tò wọ́n. Ọmọ oníṣòwò sún ìdí dé etí àga, ó fi ìka méjì di imú. Ọmọ tí lọ́kà rẹ̀ ń mì, tí inú rẹ̀ dùn pé wọ́n ti rí ẹlòmíràn fi ṣe ẹlẹ́yà, pariwo láti ẹgbẹ́ kejì, "Ẹ ṣí fèrèsé o, wọ́n ń yan ẹja níbí!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Bùnú náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù. Síbẹ̀, nígbà tí mo ní kí wọ́n jíròrò bí a ṣe ń gé èbù iṣu, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí aago tó lù, ọmọ oníṣòwò ti yọ ìka kúrò ní imú, ó ń wo ìwé rẹ̀ kọ. Mo láyọ̀. Mo tilẹ̀ lọ sùn pẹ̀lú ayọ̀ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ka orúkọ tán, ìyá ọmọ oníṣòwò wọlé. Ó gbé korobá dání, òórùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ dìde. Kò bá ọmọ kejì sọ̀rọ̀ rárá, ó kàn dúró lé e lórí títí ó fi dìde fúnra rẹ̀. Ó wá da omi funfun náà sórí lọ́kà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," mo ní. "Ṣé kò sí o?"

"Kí ni kó wà? Nǹkan mi ni mo ń tún ṣe." Kò gbójú sókè. "Tíṣà, ọkọ mi ló kan lọ́kà yìí. Kò kàn án fún ará igbó. Bí ẹ bá fẹ́ràn wọn, ẹ gbé wọn lé itan yín."

"Káì!" ni ọmọ kan sọ lẹ́yìn.

Omi náà ṣàn kúrò lórí lọ́kà, ó ń kán sórí ẹsẹ̀ ọmọ Bùnú. Kò yẹsẹ̀. Ó wo omi náà, ó sì wò mí. Gbogbo ọmọ mẹ́rìndínlógójì yòókù náà ń wò mí. Nígbà tí obìnrin náà ṣe tán, tó fún àkísà rẹ̀ sínú korobá, mo gbọ́ ohùn mi tó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Mo tún dúpẹ́.

Pirinsípà pè mí kó tó di ọ̀sán. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, bóyá ìyẹn ló ń rí mi lára jù. Ó fi ẹ̀pà sísun lọ̀ mí.

"Màdáámù, ẹ jókòó. Ẹ wò ó, ọkọ obìnrin yẹn ló ṣèlérí páànù tí a máa fi bo ilé ìkàwé. Àwọn ọmọ tiyín náà, mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà, mẹ́rìndínlógójì. Ó pé pérépéré. Kí ọmọ kan yẹn sinmi nílé ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìyẹn a ó wá nǹkan ṣe sí i."

"Sà, ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan."

Ó fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò ní àtẹ́lẹwọ́. "Àánú ni wọ́n ṣe yín tí ẹ fi wà nínú ìlú. Àyè yín ní abúlé ọjọ́sí kò tíì kún o, Màdáámù."

Ó ń jẹ ẹ̀pà lọ. Èmi kò rí i mọ́. Ọ̀nà yẹn ni mo rí, ibi tí ó ti yí po, igi tí wọ́n wó dí i. Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Lọ́jọ́rú, ní àkókò ìsinmi, mo pe ọmọ náà sí abẹ́ igi kajú. Mo ní kó má wá lọ́la.

"Ṣé nítorí pé mi ò ní àga ni, Mà?"

Mo di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni tó ń rì sódò ṣe ń di koríko mú. "Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí àga ni."

"Ó dáa, Mà," ó ní, ara sì tù ú. Mo rí i pé ara tù ú. Ó ti rò pé òun fúnra òun ni a kò fẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wá. Ó ru àpótí ìdáná kan sórí, èyí tí èéfín ti pa dúdú, tí ìdí ìyá àgbà ti jẹ ojú rẹ̀ dán. Inú rẹ̀ ń dùn. "Mà, mo ti rí àga o! Ìyá ní kí n kí yín, okun o. Wọ́n ní àwọn lè máa dáná lóòró." Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àpótí yẹn àti ìkòkò kan ni ìyá àgbà gbé nígbà tí wọ́n sá.

Mo ń gbọ́ ohùn pirinsípà àti ti àwọn àlejò lẹ́nu géètì. Mo di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fọwọ́ kàn án. Mo fà á dé yàrá ẹrù tó fara ti kíláàsì wa, níbi tí a ń kó àga tó ti kán sí. "Jókòó síbí. Má sọ̀rọ̀. Má mira." Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì yí kọ́kọ́rọ́. Èmi tí ẹlòmíràn ti pàṣẹ fún rí pé kí n má mira, mo wá ẹni tó kéré sí mi, mo pa irú àṣẹ kan náà fún un.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dára. Mo gbé ohùn sókè kí àwọn àlejò lè gbọ́. "Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yín sókè ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà tọ́jú iṣu kó má bàjẹ́." Àwọn ọmọ sún mọ́ra, wọ́n ń jiyàn wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin kan nínú àwọn olùbẹ̀wò yí ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká. "Ìjókòó yìí wuyì. Ṣé gbogbo ọmọ kíláàsì ló wà níbí?"

"Gbogbo wọn ni, Mà," mo ní.

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n lọ jẹ iyán ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí n wá bá wọn jẹun, mo ní mò ń bọ̀, mo sì lọ ṣí yàrá ẹrù.

Ọmọ náà ti fa àga márùn-ún tó ti kán jáde láàrin ẹrù. Èyí tí kò lẹ́sẹ̀, ó fi ti ògiri. Èyí tí kò ní ẹ̀yìn, ó fi búlọ́ọ̀kù gbè é. Ó ti tò wọ́n kí wọ́n kojú síra wọn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe to tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àpótí ìyá àgbà ni ẹ̀kẹfà, òun ló sì jókòó lé e. Ó na ìwé sí mi.

"Mo ti ṣe é tán, Mà. Mo ń gbọ́ yín lára ògiri."

Orúkọ mẹ́fà ló wà lókè ìwé náà. Tirẹ̀ ló ṣìkẹfà. N kò mọ àwọn márùn-ún yòókù.

"Àwọn wo nìyí?"

"Àwọn tá a jọ ń jókòó ní kíláàsì lábúlé wa ni, Mà. Ẹ ní ká kọ orúkọ ẹgbẹ́."

"Níbo ni wọ́n wà báyìí?"

"Mi ò mọ̀, Mà."

Mo ka ìdáhùn rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí a fi okùn so iṣu mọ́ igi nínú ọgbà, kó má fara kan ilẹ̀. Èkejì ni pé kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, kí oòrùn má pa á. Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹni tó ni iṣu má sá fi í sílẹ̀. Mo fún un ní ìwé rẹ̀ padà. Mo rìn dé ẹ̀yìn ògiri, mo sì bì. N kò tíì jẹun láti àárọ̀, omi kíkorò ló ń jáde, mo ń bì, mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn àlejò láti ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn ọmọ tó dé, mo wọ́ tábìlì mi kúrò ní igun wá sí àárín kíláàsì. Mo ní kí ọmọ Bùnú jókòó sídìí rẹ̀, lórí àga mi. Èmi jókòó lórí àpótí. Mo ní ẹni tó bá wù lè wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ keje. Kò sẹ́ni tó mira. Lẹ́yìn náà, ọmọ tí lọ́kà rẹ̀ ń mì dìde, ó ń fa àga rẹ̀ bọ̀.

"Mà, lọ́kà mi ń mì. Ṣé àyè kù?" Ó jókòó, ó fi ìgúnpá ti ọmọ Bùnú. "Sún. Ẹja ọjọ́sí dà?"

"Ó ti tán," ni ọmọ Bùnú dá a lóhùn. "Orí rẹ̀ nìkan ló kù, ó jọ ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́. Níbi tí mo wà, ẹ̀yìn mi ló kọ sí ẹnu ọ̀nà. Òógùn rin aṣọ mi gbingbin. Gbogbo ìró ẹsẹ̀ tó kọjá níta ni mo rò pé ó ń bọ̀ wá bá mi.

Ìyá ọmọ oníṣòwò padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, láti wò bóyá lọ́kà ọmọ rẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó rí tábìlì mi, ó rí ẹni tó wà nídìí rẹ̀, ó ya ẹnu. N kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ohùn mi ń gbọ̀n bí ti ewúrẹ́. "Màmá, tábìlì tèmi nìyí. Èmi ni mo ra pákó rẹ̀. Ẹni tó bá wù mí ló máa jókòó síbẹ̀." Ó pòṣé, ó lọ. Mo rò nígbà náà pé mo ti ṣẹ́gun. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ yẹn pàápàá ń rí mi lára. N kò sọ pé ọmọ ni ọmọ náà. Pákó ta ni, ìyẹn ni mo sọ. Òfin obìnrin náà ni mo fi dá a lóhùn.

Nígbà tí sáà parí, àwọn ẹbí ìyá àgbà ránṣẹ́ pè wọ́n sí Amuro, wọ́n sì lọ, tàwọn ti àpótí wọn. Lórí lọ́kà ọmọ oníṣòwò, ibi tí ísáàlì dúró sí bó, ó funfun bí ojú egbò tó jinná, kò sí ọ̀dà tí káfíńtà kùn tó bò ó. Lẹ́tà tí mo ń bẹ̀rù, tó máa dá mi padà sí abúlé, kò sì dé. Pirinsípà kò tún dárúkọ abúlé yẹn fún mi mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìbọn, ẹ̀pà lásán ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fi ọmọ náà gba ara mi lọ́wọ́ ewu tí kò sí. Bí mo bá rò ó débẹ̀, itọ́ á tún kún mi lẹ́nu.

Mo ṣì ń kọ́ni. Bí sáà tuntun bá dé, ọmọ ni mo máa ń kà kí n tó ka lọ́kà, n kì í sì í jókòó sí igun mọ́. Ṣùgbọ́n bí òórùn yẹn bá ti kàn mí nímú níbikíbi, n kì í wá korobá kiri. Ọwọ́ ara mi, èyí tó yí kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù, ni mo máa ń gbé sí imú, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń gbọ́ ọ.